Ọ̀bẹ Bàbá Ní Ọwọ́ Òsì

Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró ìdí ẹran. Mo mọ̀ pé kí ẹ tó ka ìlà kejì ẹ ó ti máa sọ pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọ̀rọ̀ orí fóònù ò yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tiẹ̀ sí níbí. Àfi kéèyàn gun òkè tó wà lẹ́yìn ọgbà, kó na apá sókè bí ẹni tó fẹ́ ká máńgòrò. Lẹ́tà méjì ni mo ti fi ránṣẹ́, ẹ ò fèsì sí ìkankan. Ṣé ẹ ṣì ń bínú ni?

Mo ti kúrò níbi tí mo ti ń fọ mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pariwo. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kẹrin rèé láàárín ọdún mẹ́ta. Ilé ìkẹ́rù, ilé ẹja, ibi ìfọmọ́tò, mo kàn rí i pé tí mo bá ti pẹ́ díẹ̀ níbì kan, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ibi tí mo wà báyìí, ọgbà màlúù ni. Ẹ rẹ́rìn-ín o! Ọmọ alápatà tó sá fún ẹran, ọ̀dọ̀ ẹran ló tún sá lọ.

Ṣùgbọ́n wọn kì í pa wọ́n níbí. Ààyè là ń tọ́jú. Wọ́n lé ní irinwó, abo ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló sì lóyún. Kí ojú tó là dáadáa láàárọ̀ mo ti wọ bàtà rọ́bà. Màá gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, màá kó koríko gbígbẹ sẹ́yìn rẹ̀, màá máa dà á sílẹ̀ fún wọn káàkiri pápá. Lẹ́yìn náà màá yí wáyà ọgbà po, kí n wo ibi tó já, kí n fi ẹ̀mú so ó. Omi tí wọ́n ń mu máa ń dì gbagidi nítorí òtútù ilẹ̀ òkèèrè yìí, àáké la fi ń fọ́ ọ. Màlúù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà létí, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: èyí tó fẹ́ bí, èyí tó ń tiro, èyí tí kò jẹun. A kì í pariwo mọ́ wọn, a kì í nà wọ́n. Téèyàn bá dúró síbi tó yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká màlúù, fúnra rẹ̀ ló máa lọ síbi tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ.

Àwa mẹ́ta là ń ṣiṣẹ́: ọ̀gá tó ni ọgbà, èmi, àti bàbá arúgbó kan tí mò ń pè ní Dákẹ́, torí ọ̀rọ̀ márùn-ún ló máa ń sọ lójúmọ́, mẹ́ta nínú rẹ̀ á sì jẹ́ èébú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbí pé ọmọ alápatà ni mí. Mi ò sọ fún wọn.

Ẹ bá mi kí àǹtí mi. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ òsì bu iyọ̀, àbí ẹ̀yin ṣì ń lé wọn kúrò lójú oníbàárà nítorí ọwọ́ náà.

Èmi ni,
ọmọ yín ọkùnrin.


Ọjọ́ kejì, Oṣù Kejì

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo kí ọ. Ara wa le. Àǹtí rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Òtútù mú mi lọ́wọ́ díẹ̀, má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tiẹ̀ kún un.

Mo gbọ́ pé o ti di agbẹ̀bí màlúù. O kú oríire. Èmi bàbá rẹ ń fi ọ̀bẹ wá oúnjẹ, ìwọ ń fi ọwọ́ fa ọmọ jáde nídìí ẹran. Nígbà tí mo ní kí o wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó awọ, o ní òórùn ẹ̀jẹ̀ ń rìn ọ́. Ìgbẹ́ màlúù kò rìn ọ́ mọ́ báyìí? Ayé mà ń lọ o.

Gbọ́ mi dáadáa. Olórí alápatà wá sí ìsọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní òun ò rí àrólé. Ó ní bí àgbà bá ti ń rẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó máa di ọ̀bẹ mú lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ á gbé ìsọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Ó fún mi di ìparí Oṣù Karùn-ún. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti dúró nídìí tábìlì yẹn. Òun ló tọ́ ẹ̀yin méjèèjì dàgbà lẹ́yìn tí ìyá yín kú.

Má sọ fún mi pé àǹtí rẹ wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ojú mi ò fọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ òsì gé ẹran fún òun? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣé òun la ó wá fi jogún rẹ̀? Mo bá a wí títí nígbà tó wà ní kékeré, ọwọ́ náà ò yí padà. Ìwọ tí o wá ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ rẹ ò dúró níbì kan. Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi pín in bẹ́ẹ̀.

Máa bọ̀ nílé. Dá mi lóhùn kíákíá. Mi ò fẹ́ àlàyé.

Bàbá rẹ.

Àbúrò, èmi ni mo fi èyí kún un nígbà tí wọ́n yíjú. Iyọ̀ ń lọ dáadáa lọ́wọ́ òsì. Má kánjú dáhùn. Rò ó dáadáa ná.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí àǹtí mi. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún òtútù ọwọ́. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, èsì mi ò sì gùn: mò ń bọ̀. Ẹ sọ fún olórí alápatà pé màá ti dé kí Oṣù Karùn-ún tó parí. Kó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ẹ ní ẹ ò fẹ́ àlàyé, ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti sọ, mi ò sì lẹ́lòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, màlúù kan kú níbi tó ti ń bímọ, ọmọ rẹ̀ sì yè. Lọ́jọ́ kan náà, òmíràn tí à ń pè ní Pupa bí òkú ọmọ. Pupa dúró ti òkú náà, ó ń lá a, ó ń ké. Ìyá tí kò lọ́mọ, ọmọ tí kò níyàá. Dákẹ́ ní kí n bó awọ òkú yẹn, kí n fi wọ ọmọ tó yè bí ẹ̀wù, kí Pupa lè gbà pé ọmọ òun ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ì bá ṣe é, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti wú, kò lè fún ọ̀bẹ mọ́wọ́ mọ́.

Bàbá, mo mọ̀ ọ́n ṣe! Mo gé e yí ọrùn ká, mo là á láti àyà dé ìsàlẹ̀ ikùn, mo yọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde bí ẹni ń yọ apá nínú ẹ̀wù, mo fi ẹ̀ṣẹ́ ti awọ kúrò lára ẹran bí ẹ ti máa ń ṣe. Ihò kan ṣoṣo ò sí lára rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ ẹ̀yìn sí yín nídìí tábìlì yẹn, ojú mi kò kọ ẹ̀yìn rárá. Dákẹ́ yẹ awọ náà wò, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní, "Bàbá mi ni." Orí mi wú.

Ìgbà náà ni mo wá ṣe ohun tó jẹ́ pé ọmọ alápatà nìkan ló lè ṣe é. Dákẹ́ lọ kó koríko. Mo gbé awọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń sọ? "Awọ tó dọ̀tí, alápatà ló dọ̀tí." Mo so ó mọ́ ọmọ màlúù náà lára, ó mọ́ tónítóní, mo tì í sọ́dọ̀ Pupa. Pupa gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó fi orí gbá a mọ́ ògiri. Kí n tó fo igi ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ti tún gbá a. Egungun ìhà rẹ̀ kán. Ọmọ náà kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí rẹ̀ wà lórí itan mi.

Òórùn yẹn ni Pupa ń wá, Bàbá. Òun gan-an ni mo fi ọṣẹ fọ̀ dànù. Dákẹ́ ò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Mi ò lè wo ojú Pupa mọ́. Ọ̀gá ní tí mo bá dúró títí gbogbo wọn fi bímọ tán, òun á fún mi ní ilé kékeré tó wà lẹ́nu géètì, iṣẹ́ á sì di tèmi pátápátá. Mi ò dá a lóhùn. Mo ti di báàgì mi, ó kù kí n gba ìwé ọkọ̀ mi. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ bá mi pọ́n ọ̀bẹ dè mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹta

Àbúrò mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ ti wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi láti ọjọ́ mẹ́jọ. Mi ò tíì kà á fún Bàbá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ṣé lẹ́tà ti dé, ojoojúmọ́ ni mò ń ní kò tíì dé. Irọ́ ti sú mi.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ lónìí. Kì í ṣe òtútù ló mú Bàbá lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n, ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá. Wọn ò lè gbé ife omi dé ẹnu kó má dà, ká má tiẹ̀ sọ ọ̀bẹ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ le, ọ̀bẹ já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, díẹ̀ ló kù kó bà wọ́n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ta kọ́tìnnì sí àárín ìsọ̀. Bàbá á jókòó níwájú, wọ́n á máa bá oníbàárà ṣàwàdà. Èmi á wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, màá máa gé. Ẹran tí ọwọ́ òsì gé ni gbogbo àdúgbò ti ń jẹ láti oṣù mẹ́rìnlá, wọn ò mọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ń yin Bàbá pé ọwọ́ wọn tún dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá á ní, "Mo ń padà di ọ̀dọ́ ni." Èmi á fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn kọ́tìnnì kí wọ́n má gbọ́ ẹ̀rín mi. Nígbà míì kì í ṣe ẹ̀rín.

Mi ò bínú sí wọn jù. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ojú ń tì wọ́n.

Ìwọ wá ní ò ń bọ̀. Kí lo ń bọ̀ wá ṣe? Bó bá jẹ́ pé ọ̀bẹ lo fẹ́ wá dì mú, máa bọ̀, tábìlì gba èèyàn méjì. Ṣùgbọ́n mo ti ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ò ju ìlà méjì lọ nínú rẹ̀. Màlúù kan àti ọmọ kan tó kú ló kún inú rẹ̀. O fẹ́ sá ni, àbúrò. O sá fún ẹ̀jẹ̀ nílé, o sá nílé ìkẹ́rù, o sá nílé ẹja, ní báyìí ò ń sá fún Pupa. Tí o bá dé ìdí tábìlì yìí, oṣù mélòó ni kí n kà kí ẹsẹ̀ tún tó máa yún ọ? Ìsọ̀ á ti bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà náà, á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ náà, olórí alápatà á gbé e fún ẹni tí a ò mọ̀ rí.

Mo fẹ́ ìsọ̀ yìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè fojú ara mi rí i: mo fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó bi mí rí, ìwọ náà ò bi mí rí.

Dá mi lóhùn, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́. Tí o bá ṣì ní ò ń bọ̀, màá ka lẹ́tà rẹ fún Bàbá, màá pọ́n ọ̀bẹ dè ọ́, mi ò sì ní sọ nǹkan kan mọ́.

Àǹtí rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹrin

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà yìí, mo fa méjì ya.

Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé, báàgì mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kà á tán, inú bí mi. Mo ní kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń pè mí ní ìsáǹsá? Mo fi ìbínú yí wáyà ọgbà po lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, kò síbi tó já, mo sì ń wá ibi tó já lójú méjèèjì. Nígbà tó rẹ̀ mí mo jókòó sílẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ.

Lánàá, màlúù kan bí ìbejì, ó gba ọ̀kan, ó ń ta èkejì nípàá. Òmíràn tí à ń pè ní Dúdú bí òkú ọmọ lórí òkè. Mo rí Dákẹ́ tó ń bọ̀ wá bá mi. Ẹsẹ̀ ní kí n máa lọ. Ó na ọ̀bẹ sí mi, ó ní, "Má fọ̀ ọ́." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ lánàá nìyẹn.

Mo bó o. Mi ò nu ọwọ́ mi pàápàá. Gbogbo òórùn tí mo sá fún nílé ló wà lára mi, nínú irun mi, lábẹ́ èékánná mi. Mo fi awọ náà wọ ọmọ ìbejì yẹn, ó tóbi jù ú, ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n lára àbúrò. Dúdú gbóòórùn orí rẹ̀, ó yí i ká, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀. Èmi ò mí. Ó wá dún lọ́fun, ohùn kékeré kan tí wọn kì í fi pe ẹnikẹ́ni àfi ọmọ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Ọmọ náà wá ọmú, ó rí i, ìrù rẹ̀ ń jù fìrìfìrì. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ kẹta sí òní la ó bọ́ awọ náà kúrò. Dákẹ́ ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tí a bá bọ́ ọ tán, ìyá rẹ̀ ṣì lè kọ̀ ọ́.

Àǹtí mi, mi ò bọ̀ mọ́. Ẹ ka lẹ́tà mi méjèèjì fún Bàbá, èyí tó wà nínú àpò yín àti èyí, ẹ má fo ìlà kankan. Ẹ má fo ibi tí mo fẹ́ bínú sí ẹ̀yin náà yìí: oṣù mẹ́rìnlá, tí Bàbá ò lè gbé ife omi, ẹ wá ń kọ̀wé sí mi pé iyọ̀ ń lọ dáadáa! Ṣé àlejò ni mí ni?

Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Tí mo bá wọ aṣọ iṣẹ́ yín, awọ tí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ni mo wọ̀. Oníbàárà á gbóòórùn mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe tèmi. Ara àǹtí mi ni òórùn ìsọ̀ yẹn wà. Ẹ ti ní àrólé tipẹ́. Kọ́tìnnì lẹ ta bò ó.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Karùn-ún

Àbúrò mi,

Mo kí ọ gan-an. Ẹ̀rù bà mí, ọjọ́ mẹ́ta ni mo tún fi gbé lẹ́tà rẹ kiri kí n tó kà á fún wọn.

Nígbà tí mo dé ibi tí o ti fi ọṣẹ fọ awọ, Bàbá ní kí n tún un kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ọmọ mi fọ̀ ọ́! Ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta!" Nígbà tí mo dé ibi kọ́tìnnì, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọn ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé mo ti ba ayé ara mi jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dé ìsọ̀, mo bá Bàbá lórí àga, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn já kọ́tìnnì. Mo ní kí n bá wọn já a, wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n gbé àga wọn lọ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. Ìyàwó téló ló kọ́kọ́ dé. Ó rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ òsì mi, ó ní, "Háà! Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ fi gé ẹran fún mi yẹn?" Bàbá dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Ọwọ́ tí o ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá ni. Ó pé oṣù mẹ́rìndínlógún báyìí. O ò rí bí o ti sanra?" Obìnrin náà wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n gé e kó pọ̀. Mo fi òsì gé e, mo fi ọ̀tún gbé e fún un.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín. Àwọn méjì kan ti ń gba iwájú ìsọ̀ wa kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń dùn mí. Olórí alápatà wá fúnra rẹ̀. Ó ní kí n bó odidi ẹran kan lójú òun. Ó gbé awọ náà sókè kọjú sí oòrùn, ó ń wá ihò. Ó wá a títí. Lánàá ni wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé ẹgbẹ́.

Bàbá ní àwọn á fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun kan sísàlẹ̀ yìí. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà lórí rẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n báyìí. Fara balẹ̀ kà á.

Àǹtí rẹ.

Ọmọ mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń júwe ilé mi báyìí. Kò sẹ́ni tó ṣìnà. Nígbà tí ẹ bọ́ awọ yẹn, ṣé ìyá rẹ̀ gbà á? Dá mi lóhùn kíákíá. Mi ò fẹ́ àlàyé.


Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ó gbà á.

Mo ti tú báàgì mi.

Ọmọ yín,
ní ilé ẹnu géètì.